Kí Ọkọ̀ Dúró ní Ìta, Kí Ẹsẹ̀ Gba Àárín Ìlú: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìlú àtijọ́ tí ọkọ̀ ti gba ojú pópó wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. A mẹ́nu ba ọgbọ́n kan tí ọ̀pọ̀ ìlú ti dá sí i, pé kí àwọn ọlọ́kọ̀ gbé ọkọ̀ wọn sí páàkì ńlá ní ìta ìlú, kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin dé àárín ìlú, tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ bí kò bá jìnnà. Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Díẹ̀ nínú wọn nìyí, pẹ̀lú èsì wa.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú wa fẹ́ kọ́ páàkì ńlá kan sí ẹ̀bá òpópónà tó wọ ìlú. Wọ́n ní bí ó bá ti parí, àwọn ọ̀nà tóóró tó wà láàárín odi àtijọ́ yóò fúyẹ́, ara yóò sì tu àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Páàkì ìta ìlú nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ yín gbé lé e lórí. Ìdí ni pé àyè tí ọkọ̀ kan bá fi sílẹ̀ láàárín ìlú kì í pẹ́ ṣófo. Ọlọ́kọ̀ mìíràn wà tí kì í wá tẹ́lẹ̀ nítorí pé kì í ríbi gbọ́kọ̀ sí. Bí ó bá ti gbọ́ pé àyè ti ń wà, yóò wá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àyè ìgbọ́kọ̀sí 200 ló wà láàárín ìlú yín lónìí, tí wọ́n sì kọ́ 1,000 sí ìta láì fọwọ́ kan 200 ti àkọ́kọ́. Ohun tí ìlú yín ní nígbà náà ni àyè 1,200, ọkọ̀ tó sì ń wá sí agbègbè náà ti pọ̀ sí i ni, kò dín kù.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ̀yin ará ìlú gbé síwájú ìgbìmọ̀ náà ni èyí: àyè ìgbọ́kọ̀sí mélòó ni ẹ máa yọ kúrò láàárín ìlú nígbà tí páàkì ìta bá ṣí, ojú pópó wo ni ọkọ̀ kò ní gbà mọ́, kí ni ẹ sì máa fi ilẹ̀ tó bá ṣí sílẹ̀ ṣe? Bí wọn kò bá ní èsì tó ṣe pàtó, páàkì lásán ni wọ́n fẹ́ kọ́.

Ẹ wo ìlú Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Páàkì Redbridge tó wà ní gúúsù ìlú náà ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1973, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ohun tó jẹ́ kí ó wúlò ni pé wọn kò dá a ṣe. Ní àkókò kan náà ni ìlú náà kọ̀ láti la àwọn ọ̀nà ńlá tuntun tí wọ́n ti pète gba ẹ̀gbẹ́ àárín ìlú kọjá, wọ́n dín àyè ìgbọ́kọ̀sí tó wà nínú ìlú kù, wọ́n sì ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì. Ní 1999, wọ́n tún ti òpópónà High Street, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àtayébáyé tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ojúmọmọ. Láàárín ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ àti èyí, ó ju ogún ọdún lọ. Ó yẹ kí a rántí ìyẹn nígbà tí a bá ń dá ìjọba lẹ́bi pé nǹkan ń falẹ̀.

Copenhagen, olú ìlú Denmark, fi ẹ̀sọ̀ ṣe tirẹ̀. Ní 1962 ni wọ́n sọ òpópónà Strøget di ti ẹlẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń yọ àyè ìgbọ́kọ̀sí kúrò láàárín ìlú díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí ìdá 2 tàbí 3 nínú 100 lọ́dọọdún, débi pé ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti tọ́ka sí ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ òun.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwọ̀n ilẹ̀ tí à ń sọ. Ọkọ̀ kan tó dúró máa ń gbà tó mítà 12 níbùú lóròó. Bí a bá sì ka ọ̀nà tí ó fi ń wọlé tó fi ń jáde mọ́ ọn, ó súnmọ́ 25. Bí ọkọ̀ ogún bá kúrò ní gbàgede kékeré tó wà níwájú ilé ìjọsìn àtijọ́ kan, ilẹ̀ tó tó mítà 500 níbùú lóròó ló ti padà sọ́wọ́ ará ìlú. Igi lè wà níbẹ̀, ìjókòó lè wà níbẹ̀, ọmọdé lè sáré níbẹ̀ láìsí pé ìyá rẹ̀ ń pariwo lé e lórí. Àǹfààní kan sì tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí: èéfín ọkọ̀ ń ba òkúta àwọn ilé àtijọ́ jẹ́. Èérún dúdú inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara òkúta ẹfun, àwọn afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ sì ń bá òkúta náà ṣiṣẹ́ pọ̀ títí tí ojú rẹ̀ yóò fi di èépá tó ń ṣí kúrò. Iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fín sára ògiri ní ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn kò ṣeé tún fín. Ó dùn mí púpọ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá rí i tí ọkọ̀ tó ti dúró, tó sì ń tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, fi ẹnu èéfín rẹ̀ kọ irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni ó ṣe yẹ kí irú páàkì bẹ́ẹ̀ jìnnà sí àárín ìlú tó? Èyí tí wọ́n kọ́ ní ìlú tí mò ń gbé ń ṣófo láti àárọ̀ dé alẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àárín ìlú kún fọ́fọ́.

Ìdáhùn: Oríṣi méjì ló wà, àṣìṣe tó sì wọ́pọ̀ ni pé kí a kọ́ ọ̀kan ká máa retí iṣẹ́ èkejì lọ́wọ́ rẹ̀.

Oríṣi kìíní wà ní etí àárín ìlú gan-an, débi pé ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn parí ìrìn àjò rẹ̀. Ìlú Pontevedra ní ilẹ̀ Sípéènì ni mo fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Láti 1999 tí Miguel Anxo Fernández Lores ti di olórí ìlú náà ni wọ́n ti ń kó ọkọ̀ kúrò láàárín ìlú àtijọ́ náà, tí wọ́n sì pèsè àyè ìgbọ́kọ̀sí ọ̀fẹ́ sí àyíká rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé àárín ìlú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n tún ya àwòrán ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Metrominuto, tó dà bí àwòrán ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé iye ìṣẹ́jú tí a ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ibì kan dé ìkejì ló ń fi hàn. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibi tí wọ́n ń lọ jìnnà nítorí pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń wò ó. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń rin kìlómítà kan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá.

Oríṣi kejì wà lókèèrè, lẹ́bàá òpópónà tó ń bọ̀ láti ìlú mìíràn, bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin ni ó sì gbọ́dọ̀ parí ìrìn àjò náà. Ó gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọlọ́kọ̀ yóò ti kàn án kí ó tó kó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tó ti fara da ìdúró fún ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó rí páàkì kò ní yà síbẹ̀. Yóò ní ohun tó kù kò tó nǹkan mọ́, yóò sì wakọ̀ rẹ̀ wọ ìlú. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, mo fura pé ibi tí wọ́n kọ́ páàkì ìlú yín sí nìyẹn, tàbí kí ó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì tó ń gbé èrò níbẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Bọ́ọ̀sì yẹn ni ọkàn gbogbo ètò náà. Ó yẹ kí ó máa dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ó pẹ́ tán, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo aago. Ó yẹ kí ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó dúró gbagidi máa rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ bí bọ́ọ̀sì ṣe ń kọjá lọ. Kò sí ìpolówó tó lè ṣiṣẹ́ bí ìyẹn. Ó tún yẹ kí èyí tó kẹ́yìn lálẹ́ pẹ́ tó kí ẹni tó lọ wo eré tàbí tó lọ jẹun má baà sá kúrò nídìí rẹ̀. Ní ti páàkì fúnra rẹ̀, kí iná tàn níbẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ wà níbẹ̀. Obìnrin tó bá ń bẹ̀rù láti dá rìn débi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà ní aago mẹ́wàá alẹ́ kò ní padà wá.

Owó ni ọ̀pọ̀ ìlú ti máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Bí ẹbí ẹlẹ́ni márùn-ún bá ní láti san owó bọ́ọ̀sì lórí kálukú wọn ní àlọ àti àbọ̀, tí owó ìgbọ́kọ̀sí láàárín ìlú kò sì tó ìyẹn, àárín ìlú ni wọ́n máa lọ, wọn kò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú tí wọ́n ń pè ní tíráàmù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ọlọ́kọ̀ ń rà ní páàkì ìta ìlú. Tíkẹ́ẹ̀tì náà ni owó ìgbọ́kọ̀sí, òun náà sì ni owó àlọ àti àbọ̀ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà, títí dé ènìyàn méje. Bí ọkọ̀ bá ṣe kún tó ni èrè wọn ń pọ̀ tó. Bí mo bá ní agbára láti mú kí gbogbo ìlú ṣe àwòkọ́ṣe ohun kan péré, ìyẹn ni ǹ bá mú.

Bí ìlú bá wà lórí òkè, ó tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní Perugia, ní ilẹ̀ Ítálì, àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń gbọ́kọ̀ sí ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn tó ń fi iná mànàmáná gbé ènìyàn sì ti ń gbé wọn gòkè láti 1983. Inú Rocca Paolina ni ó gbà kọjá, ìyẹn odi agbára tí Póòpù Paul Kẹta kọ́ lé orí ilé àwọn ará ìlú ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Báyìí, àwọn ògiri àti ọ̀nà tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà náà ni àlejò ń gbà kọjá kí ó tó yọ sójú gbàgede. Ní 2008 ni wọ́n fi Minimetrò kún un, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí kò ní awakọ̀, tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn léraléra láti páàkì ńlá tó wà ní Pian di Massiano dé orí òkè.

Ìbéèrè: Mo ní sọ́ọ̀bù lójú pópó kan tí wọ́n fẹ́ tì mọ́ ọkọ̀. Àwọn oníbàárà mi, ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé wá. Ta ni yóò san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ mi bí wọn kò bá wá mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́, kí ẹ tó ṣe ìpinnu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi àwọn oníbàárà yín léèrè fún ọ̀sẹ̀ kan bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ yín. Ní ìlú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 2006. Àwọn ọlọ́jà rò pé ìdá 41 nínú 100 àwọn oníbàárà wọn ló ń gbé ọkọ̀ wá. Nígbà tí wọ́n bi àwọn oníbàárà fúnra wọn, ìdá 22 ni. Kò yani lẹ́nu. Oníbàárà tó gbé ọkọ̀ wá ni ó máa ń ráhùn nípa páàkì lórí káńtà. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá kì í sọ nǹkan kan, yóò ra ọjà rẹ̀, yóò sì máa lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti Strøget mọ́ ọkọ̀ ní 1962, àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ fẹ̀hónú hàn gidigidi pé ọjà àwọn yóò kú. Òpópónà náà ṣì wà lára ibi tí èrò ti ń rìn tí wọ́n ti ń rajà jù ní ilẹ̀ Yúróòpù títí di òní. Ohun tí mo gbà yín níyànjú láti bá ìjọba dù ni àkókò iṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọlọ́jà ti máa ń fara gbọgbẹ́ jù. Bí wọ́n bá wú ilẹ̀ iwájú sọ́ọ̀bù yín, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọn yóò parí, kí wọ́n máa ṣe é ní ìdajì ìdajì, kí ọ̀nà wọlé yín má sì dí nígbà kankan. Bí ọjà yín bá jẹ́ ohun tó wúwo, bí àga tàbí ẹ̀rọ ńlá, ó tọ́ kí ẹ béèrè fún ibi tí oníbàárà lè dúró sí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti gba ẹrù rẹ̀, ní ìpẹ̀kun òpópónà náà.

Ìbéèrè: Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orí àga onítáyà ni wọ́n máa ń wà. Ṣé gbogbo ètò yìí kò sọ pé kí irú wọn jókòó sílé ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí màmá. Bí ètò náà bá lé irú wọn sílé, ètò náà kò dára, ó sì yẹ kí a tún un ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní York, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ìlú. Ìlú olódi àtijọ́ ni York. Páàkì ìta mẹ́fà ló yí i ká, láti 1987 sì ni wọ́n ti ya àwọn òpópónà àárín rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ ní ọ̀sán. Ní 2021, ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu pé ọkọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara pàápàá kò gbọdọ̀ wọ àwọn òpópónà kan mọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò dákẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú, títí tí ìgbìmọ̀ tó dé lẹ́yìn náà fi dá àǹfààní náà padà fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024.

Ní tèmi, ọkọ̀ irú ẹni bí màmá kì í ṣe ìṣòro ìlú kankan. Àwọn ọkọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ẹni tó ní ìpèníjà ara kéré, bí gbogbo ọkọ̀ yòókù bá sì ti kúrò lọ́nà, àyè tó ṣí sílẹ̀ tó wọn. Ljubljana ní ilẹ̀ Slovenia, tó ti àárín ìlú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ní 2007, tún pèsè àwọn ọkọ̀ kéékèèké oníná mànàmáná tí wọ́n ń pè ní Kavalir, tí ó ń gbé àgbàlagbà àti ẹni tí ara rẹ̀ kò dá láàárín ìlú láì gba kọ́bọ̀. Ẹ má gbàgbé òkúta tí wọ́n tò sílẹ̀ pẹ̀lú. Òkúta ribiti àtijọ́ lẹ́wà lójú, àmọ́ ó ń gbo ẹni tó wà lórí àga onítáyà jìgìjìgì. Kí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ la ipa ọ̀nà kan gba àárín rẹ̀ kọjá, kí ìjókòó sì wà ní àárín ìwọ̀nba ìrìn díẹ̀, kí ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn lè sinmi.

Ìbéèrè: Ṣé kí a kọ́ páàkì ìta tán kí a tó ti àwọn ọ̀nà àárín ìlú, àbí kí a tì wọ́n ná?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì ti máa ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ bá ti ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ títi ọ̀nà yóò dé “tó bá yá”. Ìlérí bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣẹ, nítorí pé àwọn tí kò fẹ́ ẹ yóò ti ráyè kó ara wọn jọ. Ní Durham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ní 2002, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba pọ́n-ùn méjì lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá gba ọ̀nà tóóró tó lọ sí Kàtídírà àtijọ́ ìlú náà ní ọ̀sán, iye ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ sì dín kù ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Ní 2005 ni páàkì ìta wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Wọ́n pín ìlú sí ẹkùn mẹ́fà yí àárín tí ọkọ̀ kì í wọ̀ ká, ọlọ́kọ̀ tó bá sì fẹ́ ti ẹkùn kan bọ́ sí òmíràn gbọ́dọ̀ jáde sí ọ̀nà tó yí ìlú ká. Ọ̀nà àbùjá ti tán; ẹni tí kò ní iṣẹ́ láàárín ìlú kò ní ìdí láti gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

Ìbéèrè: Àwa tí à ń gbé ní ìta ìlú ńkọ́? Ariwo àti èéfín yín ni ẹ fẹ́ kó wá bá wa.

Ìdáhùn: Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín. Graham Parkhurst, onímọ̀ ìrìnnà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn nínú ìwádìí rẹ̀ pé àwọn kan tó ń lo páàkì ìta jẹ́ ẹni tó ti ń wọ bọ́ọ̀sì láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí páàkì dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ débẹ̀, bọ́ọ̀sì abúlé pàdánù èrò, ìrìn ọkọ̀ ní ìta ìlú sì pọ̀ sí i. Nítorí èyí, mo gbà pé kí páàkì kéékèèké púpọ̀ wà lọ́nà jíjìn, ní àwọn ibi tí bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró tẹ́lẹ̀, dípò kí a da ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún méjì sí ẹ̀gbẹ́ àdúgbò kan ṣoṣo. Kí ẹ sì béèrè pé kí bọ́ọ̀sì náà dúró ní àdúgbò yín, kí ó má kàn máa kọjá lójú yín.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ ẹrù, ọkọ̀ aláìsàn àti ọkọ̀ panápaná ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọ́n ń wọlé. Ní ọ̀pọ̀ àwọn ìlú tí a dárúkọ, òwúrọ̀ ni ọkọ̀ ẹrù ń wá, kí èrò tó pọ̀, lẹ́yìn náà ni òpó irin tó ń rì sínú ilẹ̀ yóò tún yọ sókè láti dí ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù sì lè kó àwọn ẹrù kéékèèké ní gbogbo ọ̀sán. Ti panápaná ló gba ìṣọ́ra jù. Ọkọ̀ wọn nílò àyè tó fẹ̀ tó nǹkan bí mítà mẹ́rin tí ohunkóhun kò dí, bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó, ìkòkò òdòdó àti tábìlì àwọn ilé oúnjẹ máa ń rọra sún síwájú lọ́dọọdún. Kí ìlú fa ìlà sílẹ̀ tí nǹkan kan kò gbọdọ̀ kọjá, kí àwọn panápaná sì gbé ọkọ̀ wọn gan-an wá gba òpópónà náà kọjá kí ẹnikẹ́ni tó gbin igi àkọ́kọ́ síbẹ̀.